Bí A Ṣe Ń Wọn Iṣẹ́ Tó Wu Èèyàn: Láti Ẹnu Ara Rẹ̀ àti Láti Ẹnu Àwọn Tó Mọ̀ Ọ́n

Ohun tí èèyàn máa ń gbádùn láti ṣe yàtọ̀ sí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì tún yàtọ̀ sí ohun tí àwọn tó bí i fẹ́ kó ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ìfẹ́ sí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, torí pípa wọ́n pọ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe iṣẹ́ yìí. Ohun èlò méjì la máa lò: ìwé ìbéèrè tí ẹni náà máa dáhùn fúnra rẹ̀, àti òmíràn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa dáhùn nípa rẹ̀. A ó máa pe àwọn yìí ní ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn a máa ro máàkì méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì pín in sí méjì. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni náà àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kò ti bára mu gan-an ni iṣẹ́ wa wà.

Ọ̀wọ́ mẹ́fà

Lọ́dún 1927, E. K. Strong ní Yunifásítì Stanford gbé ìwé ìbéèrè kan jáde tó ń fi ìdáhùn ẹnì kan wé ti àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ ó gba kí èèyàn kọ́kọ́ kó ìdáhùn ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ jọ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó rọrùn jù fún olùkọ́ tàbí olùdámọ̀ràn ni ìlànà John Holland, tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde lọ́dún 1959. Ọ̀wọ́ mẹ́fà ló pín in sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì ń dúró fún wọn:

R: iṣẹ́ tó kan irinṣẹ́, ẹ̀rọ, ilẹ̀, ẹranko.
I: ìwádìí, wíwá ìdí ọ̀rọ̀, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.
A: iṣẹ́ ọnà, orin, ìtàn kíkọ, àwòrán.
S: kíkọ́ni, títọ́jú èèyàn, gbígbani nímọ̀ràn.
E: dídarí, títà, yíyí èèyàn lọ́kàn padà.
C: ètò, àkọsílẹ̀, ìṣirò owó, títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ.

Bí a ṣe tò ó yìí ní ìdí. Ẹ fojú inú wò ó bí òbìrí, kí C padà fara kan R. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jọra. Àwọn tó kọjú síra jìnnà síra jù: R àti S, I àti E, A àti C. Tí ẹnì kan bá gba máàkì gíga nínú A àti C pọ̀, kò burú, ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹ padà lọ wo ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà á.

Kíkọ ìbéèrè

Ìbéèrè 60 tó, mẹ́wàá fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ tirẹ̀ lè lo Interest Profiler tó wà lórí O*NET, ètò Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ kúkúrú ní ìbéèrè 60, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí ẹ bá máa túmọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí èyí tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da ìtúmọ̀ yìí rú, ìyẹn "wù". Tí ẹ bá bi ọmọ kan pé, "Ṣé iṣẹ́ dókítà wù ọ́?" bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ, torí aṣọ funfun wù ú, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún dókítà náà sì wù ú. A kò tíì mọ̀ bóyá ó lè fara da ojú egbò. Ẹ lo "gbádùn" nínú ìdáhùn, kí ẹ sì fi ohun ṣíṣe rọ́pò orúkọ iṣẹ́. Dípò "dókítà", ẹ kọ "Wíwé egbò aláìsàn". Dípò "agbẹjọ́rò", ẹ kọ "Kíka ìwé àdéhùn gígùn láti wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó". Orúkọ iṣẹ́ máa ń gbé iyì àti owó wọlé láìjẹ́ kí olùdáhùn mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ó wà nínú ìbéèrè kan. Ẹ wo èyí: "Títú rédíò tó bàjẹ́, wíwá ohun tó ṣe é àti ṣíṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ni ín." R, I àti S ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó fún un ní 2 nínú 4 lè fẹ́ràn títú u kó má fẹ́ràn àlàyé, a kò sì ní mọ̀ láé. Ẹ pín in sí mẹ́ta. Ẹ má fi owó oṣù tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kún un, ẹ má sì kọ "dáadáa" sí i: "Títún ẹ̀rọ ṣe dáadáa" ti di ìbéèrè nípa ìmọ̀ọ́ṣe.

Ìdáhùn márùn-ún, láti 0 dé 4:

0: Mi ò ní gbádùn rẹ̀ rárá
1: Mi ò ní fi bẹ́ẹ̀ gbádùn rẹ̀
2: Kò ṣe mí bákan
3: Màá gbádùn rẹ̀
4: Màá gbádùn rẹ̀ gan-an

Ẹ to ìbéèrè náà ní R, I, A, S, E, C, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti R, títí dé 60. Tí gbogbo R bá wà lójú kan, olùdáhùn á mọ ohun tí à ń wá, á sì máa fi ìdáhùn kan náà wọ́ wọn lọ. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fún èèyàn márùn-ún, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n sì máa sọ ohun tó ń wá sọ́kàn wọn. Ìbéèrè tí ẹni méjì bá ti béèrè pé "irú èwo?" lórí rẹ̀, ẹ tún un kọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa dáhùn

Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló ń gbà. Ẹ má pè é ní ìdánwò níwájú olùdáhùn. Ẹni tó bá gbọ́ "ìdánwò" á máa wá ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹ sọ fún un pé kó má ro owó, kó má sì ro bóyá ó ti kọ́ ohun náà. Kí òbí tàbí ọkọ tàbí ìyàwó má jókòó tì í. Tí ẹ bá ń kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, ohùn kan náà ni kí ẹ fi ka gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín díẹ̀ lórí ìbéèrè kan ti tó láti yí ìdáhùn padà.

Kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun, ẹ wo ìwé náà fún àìbìkítà. Ẹni tó parí ìbéèrè 60 láàárín ìṣẹ́jú méjì kò kà á. Bákan náà, ọ̀wọ́ ń yí padà láti ìbéèrè dé ìbéèrè, nítorí náà ẹni tó mú nọ́ńbà kan náà nígbà 12 léraléra ń wọ́ pẹ́ńsù ni. Tí kò bá dáhùn ìbéèrè kan tàbí méjì nínú ọ̀wọ́ kan, ẹ fi ìpíndọ́gba àwọn yòókù nínú ọ̀wọ́ náà dí i. Tó bá ju méjì lọ, ẹ dá ìwé náà padà fún un.

Ṣíṣírò àti kíka máàkì

Ẹ ro ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀. 40 ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká gbé ẹnì kan yẹ̀ wò: R 12, I 31, A 27, S 29, E 9, C 14. Ìwé ìtọ́ni púpọ̀ á ní kí ẹ mú lẹ́tà mẹ́ta tó ga jù, kí ẹ kọ ISA, kó parí. Ẹ má tíì yára. Gbogbo máàkì ló ní àṣìṣe lára, ẹ gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe pọ̀ tó kí ẹ tó sọ pé I ga ju S lọ.

Ohun méjì lẹ nílò látinú ìdáhùn ọ̀pọ̀ èèyàn: standard deviation, ìyẹn bí máàkì wọn ṣe fọ́n ká sí, àti alpha ti Cronbach, tó ń sọ bí ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe wà ní ìṣọ̀kan tó. Ẹ yọ alpha kúrò nínú 1. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, èyí tó kù yẹn ló máa fún yín. Ẹ wá fi standard deviation sọ ọ́ di púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, tí standard deviation bá jẹ́ 8, tí alpha sì jẹ́ 0.84, 0.16 ló kù, 0.4 ló ń fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di 0.16, 8 lọ́nà 0.4 jẹ́ 3.2. Àṣìṣe tó wà lára máàkì kan nìyẹn. Tí ẹ bá ń fi máàkì méjì wéra, àṣìṣe méjèèjì ló wà níbẹ̀: 3.2 lọ́nà 1.41 (nọ́ńbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún wa ní 2 tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀), nǹkan bíi 4.5.

Ẹ padà sí ẹni wa. I 31, S 29, A 27: àlàfo 4 péré ló wà láàárín èyí tó ga jù àti ìkẹta. Kò sí èyí tó ju ìkejì lọ lọ́nà tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí ẹ lè kọ ni pé I, A àti S ló ga, wọ́n sì wà ní ìdì kan. Ẹ má tò wọ́n. Ọpẹ́ ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí òbìrí. Àlàfo tó dá yín lójú ni èyí tó wà láàárín wọn àti C 14: 13 ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ẹ tún yọ èyí tó kéré jù kúrò nínú èyí tó ga jù: 31 kúrò 9 jẹ́ 22. Tó bá tóbi, ìfẹ́ ẹni náà yàtọ̀ síra kedere. Tó bá kéré, bíi 6, ẹ wo bóyá òkè ni gbogbo rẹ̀ wà tàbí ìsàlẹ̀. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ wà lókè lè jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lè má tíì rí ọ̀pọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí rí, ó lè rẹ̀ ẹ́, ìbànújẹ́ sì lè mú un. Ìyẹn gba ìfọ̀rọ̀wérọ̀, kì í ṣe ìwé ìbéèrè mìíràn. Fún ti òkè, ẹ kọ ohun ṣíṣe 36 sórí káàdì, mẹ́fà fún ọ̀wọ́ kan, kí ó pín wọn sí ìdì mẹ́ta tí káàdì inú wọn dọ́gba, 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di dandan kó yan. Àmọ́ ẹ rántí pé máàkì tí yíyàn tipátipá bá mú wá kò ṣeé fi wé ti ẹlòmíràn: gbogbo èèyàn ni àpapọ̀ tiwọn dọ́gba, nítorí náà kò sọ ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ lágbára ju ti ẹnì kejì lọ.

Àwọn ẹlẹ́rìí

Mẹ́ta sí márùn-ún ló yẹ. Kí wọ́n ti mọ ẹni náà fún ọdún kan ó kéré tán. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí wọ́n má ti ibì kan náà wá: ẹnì kan láti ilé, ẹnì kan láti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣeré. Ẹlẹ́rìí márùn-ún láti ọ́fíìsì kan ṣoṣo jẹ́ ojú kan tó wo nǹkan nígbà márùn-ún. Ẹ yọ ẹni tó lè fi èsì náà fún un ní ìgbéga tàbí lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè 30 tó fún ẹlẹ́rìí, márùn-ún fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ lára 60 yẹn. Wọ́n á sú u tí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tí kì í ṣe nípa tirẹ̀. Ẹ fi "Mi ò mọ̀" sí i. Kì í ṣe 0. Òfo ni, ẹ kò sì ní kà á mọ́ ìṣirò. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹlẹ́rìí dáhùn mẹ́rin ó kéré tán nínú márùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ọ̀wọ́ yẹn sílẹ̀ fún ẹlẹ́rìí náà. "Mi ò mọ̀" púpọ̀ nínú I kò yani lẹ́nu: inú orí ni ìrònú ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó jókòó ní tábìlì kejì kò lè rí i.

Ewu tó tóbi jù lọ́dọ̀ ẹlẹ́rìí ni pé ó máa ń rí ọgbọ́n ọwọ́ kó sì pè é ní ìfẹ́. "Ó mọ ìṣirò owó gan-an, ó dájú pé ó fẹ́ràn rẹ̀." Ẹ fún un ní ojú ìlà méjì níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan: "Ó mọ̀ ọ́n ṣe" àti "Ó máa ń gbádùn rẹ̀". Ìlà kejì nìkan lẹ máa ṣírò. Ìlà kìíní wà níbẹ̀ kí ìyìn ẹlẹ́rìí lè ní ibi tó máa dà sí. Láìsí i, orí ìlà kejì ló máa da gbogbo rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan tí kò ní nọ́ńbà: "Kí lo ti rí i tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an?" Ìdáhùn yìí lè wúlò ju nọ́ńbà lọ.

Kí wọ́n dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú bóyá ẹni náà máa rí ìdáhùn wọn. Tí ẹ bá ti sọ pé kò ní rí i, ìpíndọ́gba nìkan lẹ máa fi hàn án, ìyẹn náà bí ẹlẹ́rìí bá tó mẹ́ta.

Fífi méjèèjì wéra

Nítorí pé ìbéèrè ẹlẹ́rìí kò pọ̀ tó tẹni náà, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìpíndọ́gba fún ìbéèrè kan, láti 0 dé 4. I 31 nínú ìbéèrè mẹ́wàá jẹ́ 3.1. Ẹni wa yìí ní ẹlẹ́rìí mẹ́ta: ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ kan, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, àti ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ kejì. Bó ṣe tò nìyí, ẹni náà ṣáájú, ẹlẹ́rìí mẹ́ta tẹ̀ lé e:

R: 1.2, 1.0, 1.4, 0.8
I: 3.1, 1.4, 3.2, 1.6
A: 2.7, 2.6, 2.8, 2.4
S: 2.9, 3.4, 3.6, 3.2
E: 0.9, 2.2, 1.0, 2.4
C: 1.4, 2.8, 1.6, 3.0

Tí ẹ bá ro àwọn ẹlẹ́rìí pọ̀ tí ẹ sì pín in, I á jẹ́ nǹkan bíi 2.1, C á jẹ́ nǹkan bíi 2.5, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni náà kò mọ ara rẹ̀. Ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wàyí. Àbúrò rẹ̀ bá a mu fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀délẹ̀. Tí ẹ bá ṣírò bí máàkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tirẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀ ṣe ń gòkè tí wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ pọ̀ (correlation, tí 1 jẹ́ ìbáramu pátápátá), 0.98 ni. Ẹlẹgbẹ́ kìíní jẹ́ 0.25, ìkejì 0.18. (Nọ́ńbà mẹ́fà péré ló wà nínú ìṣirò yìí, nítorí náà ẹ lò ó fún ara yín láti mọ ibi tí ẹ máa wò, ẹ má kọ ọ́ sínú èsì.) Àwọn méjì tó wà níbi iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí E àti C, ibi tí ẹni náà àti àbúrò rẹ̀ kò ti gbà. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rí: ó ń kọ àkọsílẹ̀, ó ń ṣètò àwọn yòókù, ó sì ń ṣe é láìkùn. Àbúrò rẹ̀ ló rí ohun tó ń kà lálẹ́.

Kì í ṣe pé àwọn ará ọ́fíìsì parọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ wọn nù: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni náà ń gbádùn C ju bó ṣe rò lọ. Ẹ bi í tààrà pé, "Àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ẹ máa ń gbádùn àkọsílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ yín lọ́la, ṣé ẹ ó béèrè rẹ̀ padà?" Tó bá rẹ́rìn-ín pé kí wọ́n máa gbé e lọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Tó bá dákẹ́ rò ó, ẹ má tíì pa C rẹ́.

S ni kí ẹ fọkàn tán jù níhìn-ín. Ẹni náà gbé e ga, ẹlẹ́rìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ibi méjì tún gbé e ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé tirẹ̀ nìkan, I, S àti A wà ní ìdì kan tí a kò lè tò. Ẹ̀rí láti ìta ló jẹ́ kí S lè yọrí.

Ibi tí ó ti máa ń dàrú

Òbí ni ẹlẹ́rìí tó mọ̀ jù, òun náà ló sì máa ń kọ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan láti ilé, kí ẹ sì ka ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè tí kò ní nọ́ńbà yẹn dáadáa. Tó bá sọ ohun tí ó rí, ẹ gbà á. Tó bá sọ ohun tí ọmọ náà máa dà, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti ọkùnrin àti obìnrin: Rong Su àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí púpọ̀ jọ lọ́dún 2009, wọ́n sì rí i pé ìfẹ́ ọkùnrin ń fà sí nǹkan, ti obìnrin sì ń fà sí èèyàn, lọ́nà tó pọ̀. Nítorí náà, R 20 ọmọbìnrin kan lè dà bíi pé kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ S 27 rẹ̀, kó sì ga gan-an láàárín àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Máàkì tí a kò yí padà ń sọ ohun tó gbádùn ju òmíràn lọ; ìfiwéra pẹ̀lú ẹgbẹ́ ń sọ ibi tó ti yàtọ̀ sí wọn. Ẹ fún un ní méjèèjì. Ẹni tí ẹ bá fún ní ọ̀kan nìkan, ilẹ̀kùn kan lẹ ti tì mọ́ ọn.

Ẹ má lò ó láti gbani síṣẹ́. Ìbéèrè wọ̀nyí kò fi ohun tó ń wá pa mọ́: ẹni tó ń wá iṣẹ́ aṣírò-owó mọ èyí tó yẹ kó fún ní 4.

Ẹ tún fún ẹni náà ní ìwé kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà tó ti gbàgbé ìdáhùn rẹ̀ tí ìgbésí ayé rẹ̀ kò sì tíì yí padà. Ọ̀wọ́ tó bá fò ju 4 tàbí 5 lọ, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì pé 18, ẹ tún un ṣe lọ́dọọdún, torí ìfẹ́ sí iṣẹ́ ṣì máa ń yí nígbà ọ̀dọ́, ó sì ń dúró sójú kan sí i bí èèyàn ṣe ń wọ ogún ọdún.

Nínú fáìlì, ẹ tọ́jú ìdáhùn 60 náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti ẹ̀dà ìwé ìbéèrè tí ẹ lò, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́ta nìkan. Nígbà tó bá padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ fa ìlà sí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yí padà ní nọ́ńbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láti orí wọn.